Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni mo fà ní apá rẹ láàárọ̀ Ọjọ́rú,
ọ̀kan onídèrí pupa, ọ̀kan aláwọ̀ àlùkò,
ọ̀kan tí mo fi yìnyín yí ká bí ẹja tútù,
nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́.
Ní Ìdí-Àbà, iná ti lọ láti aago mẹ́rin,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù,
ìwọ sì bi mí, Tíṣà Fadérera,
bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń parọ́.

N kò dáhùn. Mo lẹ bébà mọ́ ìgò,
mo kọ ọjọ́ orí: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Labalábá bà lé ọ lójú lọ́dún tó kọjá,
ìyẹ́ kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìyẹ́ kan ní tòsì,
ó fi imú rẹ ṣe ibùdó. Kò fò lọ mọ́.
Ìyá rẹ ní oòrùn Lafẹ́nwá ni.
Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní Tíṣà ti ń kun àtíkè pupa.
Ìgbà tí orúnkún wú, tí irun ń bá kóòmù lọ,
ni dókítà tó dárúkọ rẹ̀: lúpọ́ọ̀sì.
Orúkọ kúkúrú. Àìsàn gígùn.

Ogun la sá fún tí a fi dé ìlú yìí.
Àwọn baba ńlá wa wọ ihò Olúmọ,
wọ́n lọ àgbàdo lórí àpáta, wọ́n bímọ sínú òkùnkùn.
Ọ̀tá wà níta, ilé wà nínú.
Ìwọ ńkọ́?
Abẹ́ òkúta wo lo fẹ́ sá sí
nígbà tó jẹ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ lóru
ló kọ ẹnu ìbọn sí yàrá rẹ?

Àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,
ṣùgbọ́n àwọn yìí kì í ṣe kòkòrò.
Ọmọ ogun ara rẹ ni wọ́n,
àwọn tó lé ibà lọ nígbà tí o wà ní kékeré.
Ẹnìkan ló fi àrokò èké ránṣẹ́ sí wọn.

Láyé àtijọ́, owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ọ̀rẹ́ ni;
tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé.
Bẹ́ẹ̀ ni àwọn purotéènì wíńníwíńní yìí
tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti egungun dé kíndìnrín:
intafẹ́rọ́ọ̀nù ń ké pé, "Ẹ dìde!"
intalúkíìnì ń dá a lóhùn pé, "A ò tíì sùn."
Ta ló rán wọn? A kò tíì mọ̀.
Iṣẹ́ tèmi ni kí a ka àrokò tó wà lójú ọ̀nà
kí ogun tó dé ẹnubodè.

Ẹ̀rọ tí yóò kà á kò sí lọ́dọ̀ wa.
Mo di í sínú kúlà, mo gbé e fún Súfíánù awakọ̀:
"Ìbàdàn tààrà o, má dúró ra búrẹ́dì."
Ó dúró ra búrẹ́dì.

Ní oṣù Èbìbí, iye náà ga bí igi àràbà,
ìwọ ń gun òkè Ìtókò, o ń rẹ́rìn-ín,
o ní ara rẹ le koko.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ wú, ìtọ̀ rẹ ń hó bí ọṣẹ.
Bébà ti mọ̀ kí o tó mọ̀.

Lónìí, bébà dé. Iye ti wálẹ̀.
Dókítà bọ́ awò ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
Ìwọ na ìka mẹ́wàá sórí tábìlì,
ìka tí kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú láti ọjọ́ Ajé:
"Ẹ bá mi sọ fún àwọn wọ̀nyí."

O ṣí agboorùn kí o tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
o ń tọ òjìji ògiri lọ sí géètì.
Mo mú bíírò. Kò sí àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù,
etí bébà ni mo kọ ọ́ sí, wínníwínní:
iye wálẹ̀; ìka kò tíì gbọ́.